Ohun Tí Oníbodè Ìlámọ̀ Wí fún Láṣebíkan

Bí èèyàn kan bá fẹ́ dá iṣẹ́ ogún èèyàn ṣe, àwọn àgbà a mirí, wọn a ní, "Ẹnìkan kì í jẹ́ Àwá dé." Gbogbo wa la mọ ìlò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ dé, tí wọ́n fi dá a lẹ́kun pé kò gbọdọ̀ sọ pé àwọn dé? Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni n ó ṣe sọ ọ́. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rín, kó máa lọ; ìtàn ẹ̀rín kọ́.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìlámọ̀. Ẹṣin kì í pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé eṣinṣin inú igbó wọn a máa pa á. Ẹsẹ̀ ni ọba fi ń ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, àwọn tó sì ń bá a sáré jíṣẹ́ ni Láṣebíkan àti Ajùwọ̀n, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Iṣẹ́ ni eré sísá jẹ́ fún ẹlòmíràn. Fún àwọn méjì yìí, oúnjẹ ni. Lọ́jọ́ tí ọba kò rán wọn níṣẹ́ pàápàá, wọn a sá lọ sí odò Àwẹ̀sì, wọn a bọ́jú, wọn a sá padà kí oòrùn tó mú. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi a ní, "Kí ló ń lé yín?" Ajùwọ̀n a ní, "Ìyá mi, a ò dúró bi í!"

Láṣebíkan kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń sáré. Ajùwọ̀n ló ń sọ ti àwọn méjèèjì. Á sọ ti iṣu, á sọ ti ìyàwó, á ṣàròyé àna rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Láṣebíkan fi ń wọn èémí. Ajùwọ̀n tún ní ẹ̀tàn kan. Bó bá ku díẹ̀ kí wọ́n délé, á di ìhà mú, á ní ó ti rẹ òun. Bí Láṣebíkan bá ti dẹ ẹsẹ̀, á fò kọjá lára rẹ̀ bí ìgalà, á máa rẹ́rìn-ín lọ. Níwájú á tún dúró dè é, kí wọ́n lè jọ kan ibodè. Bí Baba Oníbodè bá bèèrè láti inú pé, "Ta ni yẹn o?" wọn a jọ ké pé, "Àwá dé o!" Ohùn méjì yẹn ni bàbá náà mọ̀. Kì í yọjú wò wọ́n kó tó ṣílẹ̀kùn.

Ó di ọdún kan tí ogun gba gbogbo ilẹ̀. Ọba rán wọn lọ sí Òkè-Àfọ̀n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wọn pé kí wọ́n tètè padà, pé àwọn akónilẹ́rú ti ba sí ọ̀nà ọjà, kí ará Ìlámọ̀ kankan má ṣe ná ọjà ọ̀la.

Wọ́n gbéra. Ajùwọ̀n kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé ìdí igi ayùnrẹ́ kan, níbi téèyàn ti ń rí odi ìlú lókèèrè, ó di àyà mú.

"Láṣebíkan, àyà ń dùn mí. Jẹ́ ká rọra."

Láṣebíkan bú sẹ́rìn-ín. "O tún ti bẹ̀rẹ̀! O ò ní rí mi mú lónìí." Ló bá ki eré mọ́lẹ̀.

Ó ń sá lọ, ó ń retí kí ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dún lẹ́yìn. Kò dún. Ó ní ẹ̀tàn náà ló jinlẹ̀ sí i, ó tún sá díẹ̀. Ìgbà tó bojú wẹ̀yìn, ọ̀nà ṣófo.

Ó bá Ajùwọ̀n níbi tó fẹ̀yìn ti igi, òógùn bò ó, ètè rẹ̀ ti funfun. Láṣebíkan kúnlẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ mọ́ra.

"Ǹ bá mọ̀! Ajùwọ̀n, ǹ bá mọ̀!"

"Àwọn ọlọ́jà," ni Ajùwọ̀n wí. "Máa lọ." Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.

Láṣebíkan já ewé bò ó lójú, ó sì sáré. Kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Èémí rẹ̀ fọ́nká, ó ń ṣubú, ó ń dìde, títí tó fi kan ilẹ̀kùn ibodè.

"Ta ni yẹn o?"

Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ẹnu rẹ̀ mọ̀. "Àwá dé o!"

Ọ̀pá ìdábùú tí bàbá náà ti ń fà, ó tì í padà.

"Ohùn kan ni mo gbọ́. Ta lo kó sẹ́yìn?"

"Baba, èmi ni! Èmi Láṣebíkan!"

"Bó bá jẹ́ ìwọ ni, Ajùwọ̀n dà? Ogun wà níta. Ẹnìkan kì í jẹ́ Àwá dé!"

Láṣebíkan la ẹnu kó ní "Mo dé," ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Bó bá fi lè sọ ọ́, Ajùwọ̀n kú nìyẹn. Ó fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn. Ó wá wí pé, "Baba, èmi nìkan ni. Èmi nìkan ni mo dé."

Bàbá náà ṣílẹ̀kùn, ó wo ojú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó lọ jíṣẹ́ fún ọba.

Ẹnikẹ́ni kò ná ọjà lọ́jọ́ kejì, àwọn akónilẹ́rú ò sì rí ẹnì kan mú. Wọ́n gbé Ajùwọ̀n wálé, wọ́n sin ín. Ìlú ń kí Láṣebíkan kú iṣẹ́, kò gbọ́. Ní ọjọ́ kẹta ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá Ajùwọ̀n.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí, "ẹ̀yin lẹ jọ wà. Kí ló sọ fún ọ?"

"Ó ní àyà ń dun òun, Ìyá. Ó ní ká rọra."

"Kí lo wá ṣe?"

Ì bá parọ́. Kò sẹ́lẹ́rìí. "Mo fi í rẹ́rìn-ín, mo sì sá fi í sílẹ̀."

Ìyá kò bú u, kò sì sunkún. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé. Láṣebíkan dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ń retí èpè tí kò wá.

Kò sáré mọ́ láyé rẹ̀. Ọba wá ẹlòmíràn tí wọn ó jọ máa sáré fún un, ó kọ̀. Oko ni ó gbájú mọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní arúgbó sọ pé bó bá ti oko dé, tó bá ilẹ̀kùn ibodè ní títì, kì í kànkùn. Bí òjò ń pa á, á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igi ìdáná lórí, títí ẹlòmíràn yóò fi dé tí yóò dáhùn, kó lè bá a wọlé.

Lónìí, agbéraga tó fẹ́ dá gbogbo iṣẹ́ ṣe là ń fi òwe náà bá wí. Kì í ṣe agbéraga ni wọ́n kọ́kọ́ pa á fún. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ku òun nìkan ni, tí ẹnu rẹ̀ kò tíì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan kì í jẹ́ Àwá dé.