Ipin Òwúrọ̀ Lójú Akínbọ̀dé

Ọ̀ṣúntọ́kí, ìyàwó Akínbọ̀dé, jẹ́ obìnrin tí kì í rí nǹkan kó má béèrè ohun tó fà á. Bí adìyẹ bá sáré wọlé lọ́sàn-án, yóò fẹ́ mọ ohun tó lé e. Àwọn ará agbolé a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bó bá ṣe pé iṣu ni ìbéèrè, oko rẹ̀ ni ì bá tóbi jù ní Ìdóòsùn. Akínbọ̀dé ní tirẹ̀ kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń sín, adé ọba ló sì mọ̀ ọ́n sín jù. Látìgbà tí Bàbá Fágbohùn, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ti fọ́jú, kò tún sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dáńgájíá tó bẹ́ẹ̀ nílùú.

Nígbà tí ọba Ìdóòsùn wàjà, tí wọ́n sì yan òmíràn, àwọn afọbajẹ gbé iṣẹ́ adé tuntun fún Akínbọ̀dé. Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fún un, nítorí wọ́n ti dá ọjọ́ ìwúyè, wọn kì í sì í yẹ̀ ẹ́. Tayọ̀tayọ̀ ló fi gbà á. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, yóò ti jókòó sórí àpótí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, igbá ìlẹ̀kẹ̀ nílẹ̀, ó di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀.

Kò tó oṣù kan ààbọ̀ tí Ọ̀ṣúntọ́kí bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tó ń ṣe é ní kàyéfì. Ọkọ rẹ̀ tó máa ń kọrin jẹ́jẹ́ sídìí iṣẹ́ kò kọrin mọ́. Ọbẹ̀ níyọ̀ o, ọbẹ̀ kò níyọ̀ o, ọ̀kan náà ni lẹ́nu rẹ̀. Ìdòwú ọmọ wọn lọ kí i lọ́jọ́ kan, ó jágbe mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ Akínbọ̀dé kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èyí tó rú obìnrin náà lójú jù ni ipin. Gbogbo àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ni ojú wọn máa ń ṣepin nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti tẹjú mọ́ ohun wínníwínní látàárọ̀. Wọn a fi omi tútù bọ́jú, wọn a sùn, ó parí. Ti Akínbọ̀dé kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Pẹ̀lú ipin ló ń jí. Bó bá bọ́jú tán, kó tó jókòó sídìí iṣẹ́, òmíràn á tún ti dé.

“Bàbá Ìdòwú, ẹ ò tíì mú abẹ́rẹ́ lónìí. Kí ló wá ń fa ipin yìí?”

“Ipin ni ipin ń jẹ́. Jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe.”

“Ẹ sinmi lónìí nìkan.”

“Ọjọ́ tí mo bá parí adé ni n ó sinmi. Àbí ta ni yóò bá mi ṣe é?”

Ìdáhùn yìí kò tẹ́ Ọ̀ṣúntọ́kí lọ́rùn. Ó di àgbàdo sísun dání, ó gba ilé Bàbá Fágbohùn lọ. Ó bá bàbá náà níbi tó ti ń yá oòrùn níwájú ilé.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ló wí lẹ́yìn tó kúnlẹ̀ kí i. “Báwo lojú yín ṣe lọ?”

Bàbá gba àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀. “Láti gbogbo ọdún yìí wá, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí. Àwọn èèyàn ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fọ́jú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú yẹn ránṣẹ́ sí mi kó tó lọ. Àárọ̀ kùtù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣepin, mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn bẹ̀rẹ̀ sí í sú mi, tí mò ń kanra mọ́ gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ mi. Mo ní kí n ṣáà parí adé ọwọ́ mi ná. Mo parí rẹ̀ o, ọmọ mi. Adé yẹn ni nǹkan tí mo rí kẹ́yìn.”

Ọ̀ṣúntọ́kí kò dúró kí bàbá jẹ àgbàdo tán. Nígbà tó délé, Akínbọ̀dé ń fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa sí ojú ẹyẹ tó máa ń wà ní ṣóńṣó adé. Ọ̀ṣúntọ́kí bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó tún yí sí òdìkejì.

“Bàbá Ìdòwú, ẹyẹ wo lẹ̀ ń ṣe yìí?”

“Ẹyẹ adé ni. Èwo ni tìrẹ?”

“Apá kan ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà. Apá kejì kò lójú.”

Akínbọ̀dé gbé ẹyẹ náà súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Nígbà tí kò rí i dájú, ó fi àtàǹpàkò wá ojú kejì kiri níbi tó yẹ kó wà. Kò bá a. Ó rọra gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

“Àná ni mo ṣe ojú àkọ́kọ́,” ló wí. “N kò rántí pé mo ti ṣe é.” Ó ti igbá ìlẹ̀kẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ìyá Ìdòwú, ó rẹ̀ mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí.”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ bá olórí àwọn afọbajẹ, Ọ̀ṣúntọ́kí sì fa Bàbá Fágbohùn lọ́wọ́ dání. Inú olóyè náà kò dùn. Ó ní, “Ìlú ń retí adé, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ìsinmi?”

Bàbá Fágbohùn ló dá a lóhùn. “Olóyè, nígbà tí mò ń ṣe adé ọba tó wàjà, ẹnikẹ́ni kò bi mí bóyá ó rẹ̀ mí. Adé náà wà láàfin dòní. Ojú mi dà? Bí ti Akínbọ̀dé náà bá lọ, ta ni yóò ṣe adé ọba tó máa jẹ lẹ́yìn eléyìí?”

Olóyè wo ojú bàbá tó fọ́, ó wo ojú Akínbọ̀dé tó pọ́n. Ó ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Wọ́n pín iṣẹ́ náà. Látúnjí, asínlẹ̀kẹ̀ àdúgbò kejì tí Akínbọ̀dé kò jẹ́ kó fọwọ́ kan adé rí, gba ẹ̀yìn adé. Bàbá Fágbohùn ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ìbòjú, ìka ló fi ń ríran, Ọ̀ṣúntọ́kí sì ń kó àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí igbá ọ̀tọ̀ níwájú rẹ̀. Akínbọ̀dé lọ lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lábúlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, oorun ló fi gbogbo rẹ̀ sùn. Lọ́jọ́ kẹta, ìka rẹ̀ ṣì ń wá abẹ́rẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ṣàròyé pé iyọ̀ pọ̀ lọ́bẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ó jí, ó fọwọ́ kan ẹ̀bá ojú, kò sí ipin níbẹ̀.

Nígbà tó padà délé, ìdajì ọjọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Bí oòrùn bá ti kàn án látàrí, a dìde. Adé náà parí kí ọjọ́ ìwúyè tó pé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà dáadáa yóò rí i pé ọwọ́ tó ṣe iwájú kọ́ ló ṣe ẹ̀yìn, ó sì dun Akínbọ̀dé díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dàgbà, ó hewú, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́.

Látìgbà náà, bí àwọn àgbà Ìdóòsùn bá ti rí ẹni tí àárẹ̀ ń yọ lára rẹ̀ kí iṣẹ́ tó jìnnà, wọn a pè é jókòó, wọn a sì wí fún un pé: ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin.