Àáró Kan Ṣoṣo

Obìnrin kan wà ní abà kan létí odò, tí oko rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti gbogbo ará abà lọ. Àkùrọ̀ ni. Ilẹ̀ náà dúdú, ó lọ́ràá, iṣu tí a bá gbìn sínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń tó wà ṣáájú iṣu òkè. Àléébù rẹ̀ kan ni pé odò kì í jẹ́ kí nǹkan pẹ́ níbẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀ sí i, omi á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bo ebè mọ́lẹ̀. Ìyá Abíọ́nà ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Opó ni, ọmọ mẹ́rin ló ń bọ́. Nínú àkùrọ̀ yẹn ni oúnjẹ wọn ti ń wá, láti inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń rí èébù ọdún tó ń bọ̀.

Àáró mẹ́ta ló wà ní abà náà. Ẹ mọ àáró: lónìí a ṣiṣẹ́ lóko tèmi, lọ́la a ṣe tìrẹ, títí yóò fi kárí. Àáró àwọn ará òkè máa ń wọ oko kí ìrì tó gbẹ, wọ́n á jáde nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí. Àáró àwọn àgbà kì í yára. Wọ́n á ro díẹ̀, wọ́n á jókòó díẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan lè di ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í fi ìbàdí ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn alákùrọ̀, ènìyàn mẹ́fà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àwọn kì í to oko ní ẹsẹẹsẹ. Igi kan ni wọ́n máa ń rì sí etí odò, tí wọ́n á fi ọ̀bẹ fá àmì sí lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Láràárọ̀ ni ẹnìkan máa ń lọ wo àmì tí omi gùn dé. Ẹni tí omi bá sún mọ́ jù lọ, oko rẹ̀ ni wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Èyí tó bá wu ènìyàn ló ń wọ̀. Bí ó bá sì fẹ́ kúrò, ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó ti ṣiṣẹ́ lóko gbogbo ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ lọ. Á dágbére, á gbé ọkọ́ rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn. Èyí ló fà á tí olórí àáró kankan kò fi lè ṣe agídí jù. Wọ́n mọ̀ pé ènìyàn ní ẹsẹ̀.

Ní ọdún kan, iná ọdẹ já nígbà ọyẹ́. Àáró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré jáde, olúkúlùkù sí ẹ̀gbẹ́ oko tirẹ̀, iná sì ń gba àárín wọn kọjá. Àká méje ti jóná kí olórí àwọn ará òkè tó gun orí òkìtì ọ̀gán kan, tó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn láìwo ti àáró. Ó ní kí wọ́n la ọ̀nà gbòòrò kan láàárín igbó àti oko, kí wọ́n gbá ewé gbígbẹ ibẹ̀ kúrò. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Iná dé etí ọ̀nà náà, ó kú.

Lọ́jọ́ kejì gbogbo abà péjọ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnìkan ní ìyapa ló fẹ́ pa àwọn, pé kí àáró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, kí ọkùnrin yìí sì jẹ́ olórí rẹ̀. Gbogbo wọn nawọ́ sókè. Ìyá Abíọ́nà náà nawọ́, tọkàntọkàn sì ni. Wọ́n fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe àáró mìíràn mọ́, pé ẹni tó bá ṣe é, tàbí tó bá ṣiṣẹ́ lóko ẹlòmíràn láìgba àṣẹ olórí, yóò fi ewúrẹ́ kan jìyà. Kò sí ẹni tó béèrè pé títí di ìgbà wo.

Ẹ má ṣe rò pé olórí yìí jẹ́ ènìyàn burúkú. Bí ó bá burú ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá rọrùn. Ó bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé òun ń ṣe ojúsàájú, ó sì ní òun yóò to oko gbogbo ènìyàn bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn láti ìpẹ̀kun abà kan dé ìkejì, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tirẹ̀ ni yóò kẹ́yìn pátápátá. Ó tò ó bẹ́ẹ̀, kò yẹ̀. Oko Ìyá Abíọ́nà ṣe ìkẹtàlélógún.

Òjò tètè dé ní ọdún yẹn. Nígbà tí àáró fi máa ro oko kẹrìnlá tán, omi ti gun igi etí odò kọjá ìdajì. Ìyá Abíọ́nà ka ọjọ́, ó ka àmì tó kù lára igi, ó rí i pé wọn kò ní bára mu. Ó lọ bá olórí nílé. Ó ṣàlàyé fún un pé èpò lè dúró de ọkọ́ ní òkè, ṣùgbọ́n odò kì í dúró. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n mú òun síwájú, kí iṣu òun má bàa rà sómi.

Olórí gbọ́ ọ tán, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Ìyá Abíọ́nà, bí mo bá gbé ọ síwájú, kí ni mo fẹ́ wí fún àwọn mẹ́jọ tó wà níwájú rẹ?"

"Ẹ sọ fún wọn pé omi ń bọ̀."

"Omi kò sí nínú àdéhùn wa."

Obìnrin náà wá tọrọ ohun tó kéré ju ìyẹn lọ. Ó ní kí ó jẹ́ kí àwọn alákùrọ̀ àtijọ́ bá òun wa iṣu náà lọ́jọ́ ìsinmi, tí àáró kì í jáde. Olórí ní rárá. Ó ní bí mẹ́fà bá ṣe é lónìí, mẹ́wàá á ṣe é lọ́la, àáró á sì fọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní kí ó fara dà á, ó sì ṣàdúrà fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo wọn péjọ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, Ìyá Abíọ́nà bọ́ síwájú wọn.

"Mo ti ṣiṣẹ́ lóko ènìyàn mẹ́rìnlá. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣiṣẹ́ lóko mi. Iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kò sí lọ́rùn mi. Mo ti jáde."

"Jáde lọ síbo?" ni olórí wí. Kì í ṣe ìbínú. Ó yà á lẹ́nu ni. "Àáró kan ṣoṣo ló wà ní abà yìí."

"Mi ò lọ síbì kankan. Oko mi ni mò ń lọ."

Ẹlẹ́mu kan wà láàárín wọn, aláwàdà ènìyàn tí oko rẹ̀ kò ju ibi tí adìẹ lè tú tán lọ. Ó ní, "Wọ́n kọ́lé fún wa, wọn ò fi ilẹ̀kùn sí i. Ìyá yìí mà ń gba ara ògiri jáde." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olórí wò wọ́n, ẹ̀rín náà sì parẹ́.

Ìyá Abíọ́nà nìkan ló dé oko. Ó wa iṣu títí oòrùn fi mú, kò tíì wa ogójì ebè, ọ̀ọ́dúnrún ó lé díẹ̀ ló sì wà nílẹ̀. Bí ó ti ń nu òógùn, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ẹlẹ́mu ni, tòun ti ọkọ́.

"Ìyá Abíọ́nà, mi ò wá ràn yín lọ́wọ́ o. Ewúrẹ́ tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi lọ́la ni mò ń wá. Mo rò pé ó sá wọ abẹ́ ebè yín."

"Ẹ yáa wá a dáadáa," ni obìnrin náà wí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, alákùrọ̀ mẹ́ta ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn dé. Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn márùn-ún ṣiṣẹ́ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń ti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè bí wọ́n ti máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, omi ń tẹ̀ lé wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, omi wọ ogún ebè tó wà nínú kòtò kan tí wọn kò kà sí. Wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Gbogbo ìyókù ti wà lórí ilẹ̀ gíga, lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ.

Nígbà tí ó kan oko kẹtàlélógún, olórí kó àáró sọ̀kalẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ètò. Wọ́n bá omi tó dé àyà. Àwọn kan ní kí olórí gba ewúrẹ́ márùn-ún tí òfin wí. Àgbàlagbà kan nínú àwọn tí kì í yára ló kọ́kọ́ dá wọn lóhùn. Ó ní kí wọ́n fi tòun kún un kó di mẹ́fà, nítorí òun náà ń jáde. Ìbàdí òun ti sọ fún òun tipẹ́. Olórí bi í pé bí olúkúlùkù bá ń jáde, ta ni yóò pa iná bí iná bá tún dé?

"Bí iná bá dé, a ó pe ara wa," ni bàbá náà wí. "Bí iná bá kú, kí olúkúlùkù padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wa pa iná, ọpẹ́ la jẹ ẹ́. A ò jẹ ẹ́ ní oko."

Wọn kò gba ewúrẹ́ kankan. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n fagi lé òfin náà, olúkúlùkù sì lọ síbi tó wù ú. Àwọn alákùrọ̀ padà sídìí igi wọn, àwọn àgbà padà sídìí ìsinmi wọn. Àwọn géndé kan dá tiwọn sílẹ̀, olórí wọn ń jẹ iṣẹ́ ènìyàn láìsan án padà, àáró náà sì tú kí àgbàdo tó gbó. Àwọn tó wà níbẹ̀ wọ àáró mìíràn, ebi kò pa ẹnikẹ́ni. Ìjà kò tán. Nígbà tí àáró méjì jà lórí ààlà, àáró kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan pé kí àwọn méjèèjì lọ jókòó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Mọ́kànlá pére ló dúró ti olórí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, olórí sọ̀kalẹ̀ wá sí àkùrọ̀. Ìyá Abíọ́nà ń kọ ebè. Olórí kí i kú iṣẹ́, ó sì jókòó lórí ọwọ́ ọkọ́ rẹ̀.

"Ìyá Abíọ́nà, kí ni kí n ṣe tí wàá fi padà sọ́dọ̀ wa?"

Obìnrin náà dáwọ́ dúró. Ogún ọdún ni wọ́n ti jọ ń gbé abà yẹn. Ó ti nawọ́ sókè fún ọkùnrin yìí, ó ti bẹ̀ ẹ́, ó ti ṣiṣẹ́ ní oko mẹ́rìnlá lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò bi í léèrè rí ohun tó fẹ́.

"Olórí, bí ẹ bá ti bi mí báyìí lọ́jọ́ tí omi ń bọ̀, ǹ bá má lọ."

Kò padà. Ṣùgbọ́n olórí dìde níbẹ̀, ó lọ bi àwọn mọ́kànlá tó kù ní ìbéèrè kan náà, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, mo mọ ohun tó wà lẹ́nu yín. Ẹ fẹ́ ní ìlú kì í ṣe abà, ìjọba kì í sì í ṣe àáró. Lóòótọ́, ìlú tóbi. Ṣùgbọ́n bí ó ti tóbi tó yẹn, ta ló to oko yín sí ìkẹtàlélógún, tí omi sì ń bọ̀? Ìgbà wo ni ẹni tó ń pàṣẹ lé yín lórí bi yín pé kí ni òun lè ṣe tí ẹ fi máa dúró? Kò lè bi yín, nítorí ó mọ̀ pé ẹ kò níbi tí ẹ ń lọ. Mo ní kí ìjọba méjì, mẹ́ta, márùn-ún wà lórí ilẹ̀ kan náà, kí olúkúlùkù wọ èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó san ojúṣe rẹ̀ fún un, kí ó sì lè kúrò níbẹ̀ láìjìyà. Èyí tó bá dára nínú wọn, àwọn ènìyàn á dúró tì í. Èyí tí kò dára, kí ó wá sọ̀kalẹ̀ wá bẹ̀ wá lóko.

Bí ẹ bá sì jẹ́ olórí ohunkóhun lónìí, ìbáà ṣe ẹgbẹ́, ìbáà ṣe ìjọ, ẹ má dúró de ìlú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ bá ẹni tí oko rẹ̀ rẹlẹ̀ jù lọ lábẹ́ yín, kí ẹ bi í ní ohun tí yóò mú un dúró. Bí ó bá sì ní òun ń lọ, ẹ bá a gbé ọkọ́ rẹ̀ dé oríta.