Orúkọ Tí Àwẹ̀ró Pe Ewúrẹ́ Bàbá Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gba inú igbó ṣíṣú kọjá, ó já sí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹ sún mọ́ra.

Ní ìgbà kan rí, bàbá Àwẹ̀ró ní ewúrẹ́ kan tí àwọ̀ ara rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Ewúrẹ́ náà lóyún, ó kù díẹ̀ kó bí. Àwẹ̀ró ló ń dà á jẹko. Lọ́jọ́ kan, eré gbà á lọ́kàn, ewúrẹ́ bá wọgbó lọ.

Bàbá rẹ̀ ní, "Bí o ò bá rí i, má padà wálé."

Àwẹ̀ró wọgbó. Igbó pa lọ́lọ́, ẹyẹ kan ò ké. Lábẹ́ igi àràbà, ó bá ìyá arúgbó kan tí irun bo ojú rẹ̀, tó di ọ̀pá mú.

"Ìyá Àgbà, ṣé èèyàn ni yín?"

Iwin ni. Ẹ dákẹ́.

Iwin ní, "Ẹran tó bá sọnù, ọ̀dọ̀ mi ló ń sùn sí. Báwo ni tìrẹ ṣe rí? Ohun tí o bá pè ni yóò wá o."

"Ìyá, aláràbarà ni."

Koríko mì. Òjòlá ńlá wọ́ jáde, ara rẹ̀ dúdú, ó pupa, ó tún ń dán. Ó gbórí sókè, ó ń wo Àwẹ̀ró lẹ́nu. Àwẹ̀ró figbe ta. Iwin fọ̀pá lu ilẹ̀, òjòlá yí padà sínú igbó.

"O pe aláràbarà, aláràbarà dé. Ṣé ewúrẹ́ rẹ nìyẹn?"

"Rárá o! Ó… ó ní àmì lára. Alámì tótòtó ni!"

Koríko tún mì. Àwẹ̀ró ké, "Yéè! Ẹkùn!"

Ẹkùn ni lóòótọ́. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Àwẹ̀ró gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Iwin lu ilẹ̀, ẹkùn ò lọ. Ó tún lù ú, ọ̀pá kán. Ẹkùn kàn fà sẹ́yìn díẹ̀, ó lúgọ.

"Ọ̀pá mi ti tán, ọmọ. Ohun tí o bá tún pè, ìwọ àti òun ni."

Àwẹ̀ró la ẹnu, ó kù díẹ̀ kó pe "abilà," ló bá gbé e mì. Ta ló mọ ohun tí abilà yóò mú jáde? Ó dijú, ó ń wo ewúrẹ́ náà lọ́kàn láti orí dé ìrù.

"Ìyá, orí àti ọrùn rẹ̀ dúdú bí èédú. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Ẹsẹ̀ òsì iwájú nìkan ló pupa."

"Mèèè!"

Ewúrẹ́ yọ. Àwẹ̀ró gbé e kọ́rùn, ó fi eré sí i. Ó ń gbọ́ ìmí ẹkùn lẹ́yìn rẹ̀ títí dé etí ìlú.

Bàbá rẹ̀ ní, "Kí lo rí lọ́nà tí o fi ń gbọ̀n báyìí?"

Àwẹ̀ró fọwọ́ bo ẹnu. Títí ilẹ̀ fi mọ́, kò pe orúkọ ohunkóhun.

Ẹ̀yin ọmọ mi, aláràbarà kì í ṣe alámì, alámì kì í ṣe abilà. Ẹ wo nǹkan dáadáa kí ẹ tó pè é.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi.