Ẹṣin Iwájú Ń Tiro

Nígbà tí ara Fadérera ṣì le, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni àwọn tó bá a sáré máa ń rí. Lọ́jọ́ tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀ lórí pápá, níbi tó ti ń sáré fún ìpínlẹ̀, alága eré ìdárayá ní kó máa lọ sílé, àwọn ń bọ̀ wá tọ́jú rẹ̀. Ilé ló ti ń retí wọn títí ó fi hu ewú.

Àfi ìgbà tí alága yìí kan náà ránṣẹ́ pè é, kó wá kí àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń múra eré sísá láyà lórí pápá.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré,” ni alága wí. “Ìyá wa, ẹ rìn kọjá kí wọ́n rí yín dáadáa.”

Fadérera tẹ̀ lé ọ̀pá rẹ̀, ó ń tiro lọ níwájú wọn. Tèmídire, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú wọn, bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tú okùn bàtà rẹ̀.

“Kí ló dé?” ni alága bi í.

“Ẹ ní ká wò wọ́n, sà. A ti wò wọ́n.”

Fadérera fẹ́ bá a wí. Dípò bẹ́ẹ̀, ó jókòó tì í, ó bá a tú okùn bàtà kejì.