Ìyẹ́ Tí Ọ̀kín Fi Ń Fò

Ọkùnrin kan wà tí ó ń sin ọ̀kín ní àgbàlá rẹ̀. Ní ọdún tí ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn tí Olúwa sì gbé e dìde, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò mú ẹyẹ náà wá ní ọjọ́ ìkórè, kí ó máa gbé inú ọgbà ilé ìsìn, kí ẹni tó bá rí i lè yin Ẹlẹ́dàá.

Bí ọ̀kín náà bá ti tẹ́ ìrù rẹ̀, inú ọkùnrin náà a dùn dé ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìrù bá tẹ́, apá náà a là sí ẹ̀gbẹ́, àwọn ìyẹ́ gígùn kan a sì yọ síta, pupa rẹ́súrẹ́sú bí iyẹ̀pẹ̀. Ìwọ̀nyí kò wù ú rárá.

Ó ní, “Ìyẹ́ tó dà bí ti adìẹ yìí ni kí n gbé síwájú Olúwa?”

Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé wọn kúrò ní apá méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde, ẹyẹ kò ké. Ọ̀kín wá mọ́ tónítóní.

Nígbà tí oòrùn ń lọ wọ̀, ọ̀kín lọ sí ìdí igi àgbálùmọ̀ tó máa ń sùn lé. Ó fò, ó já bọ́. Ó tún fò, ó tún já bọ́. Ìyàwó yọjú láti ilé ìdáná, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Baálé mi, ẹ kúuṣẹ́ o! Ẹ ti sọ ọ̀kín di adìẹ òpìpì!”

Àfi bí ajá àdúgbò ṣe gbó lẹ́yìn ògiri. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ sáré gbé ẹyẹ náà wọlé, nítorí ìrù tó lẹ́wà tó yẹn kò lè gbé e sókè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan.

Láti ọjọ́ náà, ilé ìdáná ni ọ̀kín ń sùn. Ojoojúmọ́ ni ìyàwó ń bá a jà: “Ọ̀gbẹ́ni, sún kúrò nídìí ààrò mi!”

Nígbà tó yá, àkókò tí ọ̀kín ń pa ìyẹ́ dà dé. Kùkùté ìyẹ́ tí ọkọ gé já bọ́, tuntun sì hù. Ṣùgbọ́n ìrù náà já bọ́ pẹ̀lú, kò sì tíì hù tán tí ìkórè fi dé. Ojú ti ọkùnrin náà.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ìrù lẹ ṣèlérí fún Ọlọ́run ni?”

Bí ó ti gbé e kalẹ̀ nínú ọgbà, ajá kan já láàárín àwọn ewúrẹ́ ìkórè, ó kọjú sí i. Gbogbo ìjọ figbe ta. Ọ̀kín tẹ orúnkún, ó na apá, àwọn ìyẹ́ pupa yẹn gba afẹ́fẹ́ mú, pàà! Orí òrùlé ni wọ́n ti bá a. Oòrùn là á lápá kọjá, ìyẹ́ náà ń pọ́n yòò bí epo tuntun. Halelúyà gba ilẹ̀ kan. Ìyàwó jó títí gèlè fi tú lórí rẹ̀, ọkọ sì ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Arábìnrin mi, olórí ẹgbẹ́ akọrin, ìwọ ni mo ń bá wí. O ní ìdánrawò ti pọ̀, o fẹ́ fi àdúrà ìdájí sílẹ̀, ó ṣe tán, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ àdúrà yẹn. Orin rẹ dùn, gbogbo wa ni à ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ lè há ní ọjọ́ kan, kí ìdánwò sì já lù ọ́ ní gbangba. Kí ni wàá fi fò?

Jọ̀wọ́, gbé àlùmọ́gàjí yẹn sílẹ̀. Kúnlẹ̀ ní ìdájí ọ̀la bí o ti máa ń ṣe. Ní tèmi, orí òrùlé ni n ó máa wò, kí n lè rí ọ níbẹ̀ bí ọ̀kín náà.