Awọnlẹ̀ Tí Ó Gun Òkè Kan Lẹ́ẹ̀mejì

Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú gbogbo yín, mo sì na ọwọ́ sókè kí ẹ lè rí i, pé ìtàn yìí kò ní gùn. Bí ó bá gùn, ẹsẹ̀ ọkùnrin inú rẹ̀ ni kí ẹ bá wí, ẹ má bá ẹnu mi wí.

Ọkùnrin kan wà tí ó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n bá ìjọba wọn ilẹ̀. Òun ló máa ń fa ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ gba inú igbó. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Kò sí ilẹ̀ kan ní agbègbè náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀, síbẹ̀ kò sí ìwé ilẹ̀ kankan tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Orúkọ onílẹ̀ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Wọn kì í kọ orúkọ ẹni tí ẹ̀gún gún.

Ní ìlú ọkùnrin yìí, ìjọba sé odò kan, odò náà sì di adágún ńlá. Lọ́dọọdún, àwọn ọ̀dọ́ ìlú máa ń ṣe eré ìje kan níbẹ̀ tí ó ní apá mẹ́ta. Wọn á kọ́kọ́ wẹ adágún náà já. Bí wọ́n bá ti jáde nínú omi, wọn á gun kẹ̀kẹ́ fún ogún kìlómítà. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, wọn á fi ẹsẹ̀ sáré kìlómítà márùn-ún. Wọ́n ní èyí tó kúrú nínú irú eré bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo ti wádìí ọ̀rọ̀ náà: àwọn tó ń pè é ní kúkúrú, orí àga ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Aago méje àárọ̀ ni eré náà ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, wọn á pa ìwé dé. Orúkọ gbogbo ẹni tó bá dé kí wọ́n tó pa ìwé dé, wọn á kọ ọ́ sórí pátákó, wọn á sì gbé e kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn ìlú. Ohun tí awọnlẹ̀ wa ń wá nìyẹn. Kò wá ife ẹ̀yẹ, kò sì wá kí ẹnikẹ́ni gbé òun lé èjìká. Ó kàn fẹ́ kí orúkọ òun wà lára ògiri kan kí ó tó wà lórí ibojì.

Lọ́dún tó ṣáájú, ó fi ìṣẹ́jú méje pẹ́. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ fi omi gbígbóná jó orúnkún rẹ̀, ó ní, "Bàbá Fẹ̀yìntọ́lá, ẹ lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọkàn yín balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkẹyìn nìyẹn o. Bí ẹ bá tún wọ odò yẹn lẹ́yìn rẹ̀, èmi náà á padà sí ilé bàbá mi."

"Ilé bàbá rẹ ti wó."

"Màá jókòó sórí àlàpà rẹ̀."

Ọkùnrin náà gbà. Ó mọ obìnrin tó ń sọ̀rọ̀, ó sì mọ àlàpà tó ń sọ. Òun ló wọn ilẹ̀ ibẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré, olùdarí eré ka òfin sí gbogbo wọn létí. Òfin náà pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló kan ọ̀rọ̀ wa. Ó ní, "Ẹ má gba ìrànwọ́ ará ọ̀nà o. Ibi tí ẹnikẹ́ni bá ti tì yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ sá ibẹ̀." Àwọn ọ̀dọ́ dáhùn lóhùn kan pé àwọn ti gbọ́. Awọnlẹ̀ mi orí bí ẹni tí wọ́n fi ààlà ilẹ̀ hàn.

Àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ sínú omi bí ọ̀pọ̀lọ́. Òun rọra wọ ọ́ bí ẹni tó ń wọ ilé àna. Ó wẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá dojú sókè, ó ń fi ẹ̀yìn wẹ̀, ó ń wo òfúrufú bí ẹni tí wọ́n ní kó wá wọn ìyẹn náà. Nígbà tó jáde, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù sẹ́yìn rẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì kan tó ti mu púpọ̀ nínú adágún náà.

Ó gun kẹ̀kẹ́. Ó gùn ún dáadáa. Nígbà tí yóò fi dé ìsàlẹ̀ Òkè Sọ̀kalẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé bí òun bá ń lọ bẹ́ẹ̀, òun yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ṣáájú àkókò. Kìlómítà mẹ́ta ló kù lórí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n òkè ló kọ́kọ́ wà níwájú, kì í sì í ṣe lásán ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo oníkẹ̀kẹ́ tó bá dé ibẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí irú ènìyàn tí a jẹ́. Bí ọmọ ilé ire bá rí àgbà tó ń ru ẹrù, ó gbọ́dọ̀ gbà á. Bí àgbà náà bá kọ̀, kí ó bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá tún kọ̀, kí ó já a gbà. A kì í bi àgbà bóyá ó fẹ́. Òfin yìí ti wà kí eré alápá mẹ́ta tó dé, kò sì sí ẹni tó rántí lọ sọ fún àwọn ará ẹsẹ̀ òkè pé ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ọlọ́kadà kan ló kọ́kọ́ rí i. Ó mú ọ̀kadà rẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ gbé nǹkan yẹn sílẹ̀, ẹ wá jókòó sẹ́yìn mi."

"O ṣeun, ọmọ mi. Eré ìje ni mò ń sá."

"Eré kẹ̀? Ta ló ń lé yín?"

"Àwọn tó yẹ kó máa lé mi ti wà níwájú."

Ọkùnrin kan tó ń wa iyanrìn lójú gọ́tà fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́. Awọnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin náà fajú ro. "Ṣé ọwọ́ tiwa kò mọ́ ni, bàbá?" Èémí tí awọnlẹ̀ ìbá fi gun òkè, ó fi púpọ̀ nínú rẹ̀ tọrọ àforíjì.

Obìnrin kan wà ní ìdajì òkè náà tó ń sá làfún sórí àpáta. Ó rí orúnkún bàbá náà tó ń gbọ̀n. Ó rí kẹ̀kẹ́ tó ń ya sọ́tùn-ún tó ń ya sósì. Kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó jáde láti ẹ̀yìn igi kaṣú kan, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, ó sì tì í.

Awọnlẹ̀ rí i pé kẹ̀kẹ́ fúyẹ́ lójijì. Ó kọ́kọ́ rò pé àdúrà ìyàwó òun ló gbà. Ó ti dé orí òkè kí ó tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀. "Ó parí, bàbá mi. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Láti ibẹ̀, ó ń wo àwọn àtíbàbà tí wọ́n ta sí ibi tí eré ti ń parí. Ọ̀nà tó kù, ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi sọ́nà láti máa ṣọ́ òkè náà ti lọ ra àkàrà. Kò sí ẹni tó rí i.

Ó yíjú padà. "Ọmọ mi, níbo lo ti gbé ọwọ́ lé mi?"

"Nídìí igi kaṣú yẹn. Ẹ má dúpẹ́ o, bàbá."

Ó fi ojú wọn ibẹ̀. Àádọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ dín mẹ́rin. Ó yí orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sí ìsàlẹ̀.

"Bàbá, iwájú lọ̀hún o!"

"Mo mọ̀."

Ọlọ́kadà, tó ti tẹ̀ lé wọn dé orí òkè, ní, "Oòrùn ti wọ bàbá yìí lórí."

"Oòrùn kọ́," ni awọnlẹ̀ wí. "Apá òkè yìí, èmi kọ́ ni mo gùn ún. Ọmọbìnrin yìí ló gùn ún, kò sì forúkọ sílẹ̀."

Ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó kọjá igi kaṣú ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kí ìwọ̀n má baà dín, ó wá yí padà, ó dojú kọ òkè.

Ẹni tó bá ti gun òkè rí mọ̀ pé òkè tí a gùn lẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe òkè ti àkọ́kọ́. Ó ga sí i. Àwọn ènìyàn ti jáde. Ẹni mẹ́rin ló ti na ọwọ́ kí ó tó lọ ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Nígbà náà ni obìnrin onílàfún bọ́ sáàárín ọ̀nà, ó ya apá méjèèjì. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án! Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án, bàbá á tún un gùn ni o!"

Gbogbo wọn dá ọwọ́ padà. Wọ́n dákẹ́. A kì í gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ nílùú wa àfi bí wọ́n bá béèrè ẹni tí yóò gbálẹ̀ gbọ̀ngàn. Ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnnì. Obìnrin náà kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ọ̀kan di èkejì mú, nítorí kò fọkàn tán wọn. Ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, ó ń sọ pé, "Ẹ rọra, bàbá. Ẹ rọra. Òfin ò ní ká má kí yín."

Nígbà tó kù díẹ̀ kó débẹ̀, kẹ̀kẹ́ dúró. Kò lọ, kò sì ṣubú. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin dìde dúró lórí ìtẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjèèjì, gbogbo iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ayé sì dúró dè é. Mi ò mọ bí ó ti pẹ́ tó. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, táyà yí. Ó yí ní ìwọ̀n ọmọ ìka kan. Ó tún yí.

Ó dé orí òkè. Oníyanrìn ṣí fìlà. Ọlọ́kadà sọ fún mi pé òun wo ọ̀kadà òun lọ́jọ́ náà bí ẹni pé òun jí i gbé.

Òkè náà gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń jù ú sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ sá èyí tó kù, ó sì dé ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ aago wò ó, àánú sì ṣe é. Ó tún ìwé ṣí. "Bàbá, aago mi yìí máa ń yára díẹ̀. Bí ìṣẹ́jú méjì, mẹ́ta."

"Ṣé láti àárọ̀ ló ti ń yára, àbí láti ìgbà tí o rí mi?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mú kálámù.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ti ń tì mí." Ó na ọwọ́, ó sì fúnra rẹ̀ pa ìwé náà dé.

Ìyàwó rẹ̀ mú aṣọ ìnura wá. Nígbà tó yí sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró. Lára aṣọ dúdú tí ọkùnrin náà wọ̀, àtẹ́lẹwọ́ funfun kan wà níbẹ̀ tòun ti ìka márààrún.

"Bàbá Fẹ̀yìntọ́lá, ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ obìnrin kan ni."

"Ní ojú títì gbangba?"

"Lórí òkè." Nígbà tó rí i pé èyí kò tó, ó ní, "Ó tì mí láti ìdí igi kaṣú dé orí òkè. Mo padà lọ gùn ún."

Gbogbo àlàyé tó ṣe nìyẹn. Bí kì í bá ṣe làfún, kì bá tilẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin aago gbé kálámù sílẹ̀. Olùdarí tó ka òfin láàárọ̀ wo ilẹ̀.

Ìyàwó awọnlẹ̀ kò nu àtẹ́lẹwọ́ yẹn kúrò. Ó fi aṣọ ìnura kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. Ó ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ yé wo òfúrufú nínú omi. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú méjì yẹn wà."

Ìwọ tí o jókòó síbẹ̀ tí o ń rẹ́rìn-ín, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ń bọ̀. Wọ́n ti tì ọ́ rí. Ẹnì kan fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ọ lẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ rẹ sì fúyẹ́, o sì rò pé agbára rẹ ló pọ̀ sí i. Ẹni tó tì ọ́ kò ṣẹ̀. Ìwọ náà kò ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí o dé orí òkè tí o ń sọ fún wa, níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi ìṣílé, pé ìwọ nìkan lo gùn ún. Ẹ̀yìn rẹ kò lójú, o kò lè rí àtẹ́lẹwọ́ tó wà níbẹ̀. Àwa tí a ń tẹ̀ lé ọ là ń wò ó látàárọ̀. Mi ò ní kí o padà sísàlẹ̀. Mo ti rí orúnkún rẹ. Ṣùgbọ́n mọ iye ìṣísẹ̀ tí kì í ṣe tìrẹ. Bí wọ́n bá sì béèrè, sọ ọ́, má bù ú kù.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ọ̀rọ̀ yìí má jáde níbí. Bí ìlú bá gbọ́ ọ, tí gbogbo ẹni tí wọ́n tì bá bẹ̀rẹ̀ sí padà lọ tún ibẹ̀ gùn, a ò ní rí ẹnì kan ṣoṣo tí yóò ṣe alága ìpàdé wa.