Òkété, Wá Gbé Odó Rẹ

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi di ẹrù pẹ́ńpẹ́, ó gbéra, ó kọrí sọ́dọ̀ Ọ̀yà, ìyá ọlọ́mọ.

Láyé àtijọ́, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn ẹranko a máa lọ pàgọ́ sí òdìkejì odò, níbi tí koríko tútù wà. Ọ̀yà pọn ọmọ, nítorí náà ẹní nìkan ló dì. Etu àti Ọ̀bọ náà di ìwọ̀nba. Ṣùgbọ́n Òkété kó odó, ó kó ọlọ, ó kó àpò ẹ̀kùrọ́ ràgàjì.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ṣebí ọ̀kan ni wá? Ẹ jẹ́ ká pa ẹrù pọ̀, ká pín in dọ́gba."

Wọ́n gbà. Wọ́n pín in tán, ọlọ bọ́ sórí Etu, àpò ẹ̀kùrọ́ bọ́ sórí Ọ̀bọ, odó bọ́ sórí Ọ̀yà, ẹní Ọ̀yà bọ́ sọ́wọ́ Òkété!

Ọ̀yà ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mà pọnmọ."

Òkété bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìkókó, ta ní ń ka ọmọ mẹ́rù?"

Ọ̀yà gbé odó rù. Ó ń wọ́sẹ̀, wọ́ọ́, wọ́ọ́. Ọrùn ń ro ó, ọmọ ń ké, Òkété ń fò fẹ́rẹ́ níwájú, ó ń súfèé.

Wọ́n dé odò nírọ̀lẹ́. Ìkookò ń hu nínú igbó ẹ̀yìn wọn. Erinmi tó máa ń fi ẹ̀yìn gbé àwọn ẹranko sọdá odò ní, "Ẹ̀yìn mi ti kún. Ẹ sọ ẹrù kan kalẹ̀."

Òkété nawọ́ sí ọmọ. "Ẹ sọ kékeré yẹn kalẹ̀. Ìrì á ba odó mi jẹ́."

Háà! Ọmọ tí kì í ṣe ẹrù láàárọ̀ ló wá dẹrù nírọ̀lẹ́! Ọ̀yà ju odó sílẹ̀, gbìì! Ó kọrin. Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Òkété, wá gbódó rẹ o,
*Gbìnrìn gbìnrìn gbì.*
Ọmọ mi kì í ṣẹrù o,
*Gbìnrìn gbìnrìn gbì.*
Odó rẹ kì í ṣọmọ o,
*Gbìnrìn gbìnrìn gbì.*
Ẹni dẹrù ni kó rù ú,
*Gbìnrìn gbìnrìn gbì.*

Ojú ti Etu pé òun ti dákẹ́ látàárọ̀. Ó sọ ọlọ kalẹ̀. Ọ̀bọ sọ àpò kalẹ̀. Ọ̀yà já ẹní rẹ̀ gbà.

Erinmi ní, "Òkété, àyè rẹ wà. Ti odó ni kò sí."

Òkété kọ̀, kò fẹ́ fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń ki ẹ̀kùrọ́ sẹ́nu, ó ń kì í, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú bọ̀ǹbọ̀. Ìgbà tó fẹ́ kígbe pé "Ẹ dúró!", "Mm! Mm!" ló jáde. Erinmi ti gbé àwọn yòókù lọ. Ìkookò ń bọ̀. Òkété gbẹ́ ihò wàràwàrà, ó kó sínú rẹ̀ tòun tẹ̀kùrọ́. Ibẹ̀ ló wà dòní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò sì fọn mọ́.

Ibi tí àlọ́ mi ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ nìyí. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ń rìnrìn àjò, ohun tí ẹ kò lè gbé, ẹ má dì í. Ẹ má sì fi ẹnu dídùn gbé e lé ọlọ́mọ lórí, kí ẹ máa pè é ní dọ́gba. Ìrẹ́jẹ ni.